Òbí Tí Fóònù Abigaïl Ń Bèèrè

Fóònù tuntun náà wà lórí ẹní láàárín wọn. Hermann ti yọ ọ́ kúrò nínú páálí, ó ti fi káàdì sí i, ó ti kọ orúkọ ọmọ àti ọjọ́ ìbí rẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tó dé ibì kan, ó dáwọ́ dúró.

"Ó ń bèèrè òbí," ló wí.

"Èmi ni bàbá rẹ̀," Lazare ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dá a lóhùn. "Kọ mí síbẹ̀."

"Kì í ṣe orúkọ ló fẹ́, ẹ̀gbọ́n. Fóònù òbí ló fẹ́, fóònù ńlá bí irú èyí. Ohunkóhun tí ọmọ bá fẹ́ fi tirẹ̀ ṣe, ti òbí ni yóò kọ́kọ́ gbọ́. Tí òbí bá gbà, ó di ṣíṣe. Tí òbí bá kọ̀, ilẹ̀kùn wà ní títì."

Lazare yọ fóònù tirẹ̀ lápò, fóònù kékeré oníbọ́tìnì tó fi rọ́bà dì nídìí kí bátìrì má baà já bọ́. Ó wò ó, ó dá a padà sápò. Abigaïl fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ̀ náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò pẹ́ lójú rẹ̀.

Inú agbo ilé wọn ní Bantè ni wọ́n jókòó sí, ní ìparí ìsinmi, kí ọmọ tó padà sí Savalou. Lazare ti gun alùpùpù wá láti Lougba, níbi tó ti ń dáko iṣu àti kajú. Hermann, àbíkẹ́yìn ilé, ti wá láti Parakou, níbi tó ti kẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò ní yunifásítì tó sì ń kọ́ni báyìí. Ohun tó kó wọn jọ kì í ṣe ohun ẹ̀rín. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Abigaïl, orí fóònù ni àwọn tísà ń fi iṣẹ́ ilé ránṣẹ́ sí, ọmọ tí kò bá ní in yóò sì máa tọrọ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n kò tíì pẹ́ tí ọmọbìnrin kan ní Bobè nítòsí wọn fi irú fóònù bẹ́ẹ̀ bá ẹni tí kò rí rí ṣọ̀rẹ́. Ẹni náà ní òun yóò wá iṣẹ́ fún un ní ìlú ńlá. Ọmọ náà wọ mọ́tò lọ bá a. Títí di báyìí, ìyá rẹ̀ ṣì máa ń lọ jókòó ní ibùdókọ̀ Bantè, yóò máa wo ojú gbogbo ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀. Lazare mọ obìnrin náà. Ìjọ aláṣọ funfun kan náà ni wọ́n jọ ń lọ.

"Priscille ní fóònù ńlá," ni Lazare wí.

Gbogbo ojú yí sí Priscille. Òun ni ìyàwó Lazare, aránṣọ ni, ọmọ ẹ̀yà Mahi láti Savalou. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní Savalou ni Abigaïl ń gbé nítorí ìwé. Òun ló ń dáná fún un, òun ló ń di irun rẹ̀, òun ló ń jí i láàárọ̀. Élisabeth tó bí ọmọ náà ti kú kí Priscille tó wọ ilé.

"Ìyàwó ni mí," ni Priscille wí jẹ́ẹ́.

Kò sí ẹni tí kò mọ ohun tó ń sọ. Nínú ilé yẹn, láti ọjọ́ tí ìyàwó bá wọlé ni wọ́n ti ń ka ọjọ́ orí rẹ̀. Ọmọ tó bá bá nílé, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́, àgbà rẹ̀ ni, ọkọ rẹ̀ ni. Kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ pàṣẹ fún un bí ìyá ṣe ń pàṣẹ fún ọmọ. Abigaïl ti ń lọ sílé ìwé nígbà tí Priscille dé. Láti ọjọ́ náà ni Priscille ti ń pè é ní Eyínfúnjowó, tó sì ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Àwọn ìyàwó ilé tí wọ́n bí ní Bantè a máa gbàgbé nígbà míì, orúkọ a bọ́ lẹ́nu wọn, wọn a fi rẹ́rìn-ín. Priscille kì í gbàgbé. Ó mọ̀ pé ẹni tó ti ìlú mìíràn wá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni gbogbo ojú ń wò.

"Ìyàwó wa, fóònù ò mọ àṣà," ni Hermann wí. "Ẹni tó wà nítòsí ọmọ ló yẹ kó mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́."

"Akọ̀wé, mo gbọ́." Bẹ́ẹ̀ ló ń pe Hermann, nítorí ọkọ rẹ̀ ni òun náà. "Ṣùgbọ́n ẹ̀yin kọ́ ni wọn yóò bú. Ará Bantè pọ̀ lọ́jà Savalou. Wọn yóò ní ìyàwó ti ọkọ rẹ̀ mọ́lé."

"Kí ló ń dà yín láàmú tó báyìí?"

Ìyá Fataou ló sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Òun ni àkọ́bí ilé náà, ẹ̀gbọ́n Lazare àti Hermann. Mùsùlùmí ló fẹ́ ẹ, ó bá ọkọ rẹ̀ kírun títí ọkọ fi kú, ó sì kó ẹ̀sìn náà bọ̀ wá sílé bàbá rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ Fataou tó wà ní Kutọnu ti ra fóònù ńlá fún un kí wọ́n lè máa rí ojú ara wọn. Ó tú u jáde ní ìdí ìró, ó gbé e lé Hermann lọ́wọ́.

"Ta ló pọn ọmọ yìí nígbà tí ìyá rẹ̀ kú? Fi sórí tèmi."

"Ẹ̀gbọ́n mi, Faransé ni yóò máa kọ síbẹ̀."

"Ṣé Faransé ni mo fi nù ọ́ nídìí nígbà tí o ò tíì lè dá jókòó?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Hermann náà rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà ti parí nìyẹn. Priscille mí kanlẹ̀. Ẹni tí ọmọ jẹ́ tirẹ̀ ló gba kọ́kọ́rọ́, kò sì sí ẹni tí àṣà fọ́ mọ́ lọ́wọ́. Lójú gbogbo wọn, ó gún régé.

Hermann jókòó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń kọ́ ọ. Tí Abigaïl bá ń fẹ́ nǹkan, agogo kan yóò dún, orúkọ rẹ̀ àti àwòrán rẹ̀ yóò jáde. Bọ́tìnì búlúù ni kó tẹ̀ tó bá gbà. Funfun ni kó tẹ̀ tí kò bá gbà.

"Tí mi ò bá tẹ ọ̀kankan ńkọ́?"

"Ọmọ yóò ṣì máa dúró dè yín."

"Kó dúró dè mí? Lẹ́yìn tó ti pè mí?"

 Hermann ti gbé fóònù sókè, ó ń wá ibi tí kónẹ́síọ̀n ti lágbára.

*

Ní Savalou, ohun gbogbo kọ́kọ́ lọ déédéé. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, fóònù Abigaïl a ti ara rẹ̀, ọmọ náà a pòṣé, a sì fa ìwé rẹ̀ yọ. Priscille a máa wò ó láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ, ọkàn rẹ̀ a balẹ̀.

Nígbà tó yá, fóònù náà ò ti ara rẹ̀ mọ́. Eré kan ti dé orí rẹ̀, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe é ti lè máa bára wọn sọ̀rọ̀ bí wọn ò tilẹ̀ mọ ara wọn rí. Abigaïl a tẹ nǹkan, a dúró, a kà á, a rẹ́rìn-ín sínú. Bí Priscille bá gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, a dojú fóònù délẹ̀.

"Eyínfúnjowó, ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n kan ni, Tanti."

"Ẹ̀gbọ́n ta?"

"Wọ́n ń kàwé ní Dassa. Eré la jọ ń ṣe."

"Ṣé Ìyá Àgbà tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ wọn mọ̀?"

"Ìyá Àgbà ló gbà fún mi. Ẹ bi wọ́n."

Kò purọ́, Priscille sì mọ̀ ọ́n lójú rẹ̀ pé kò purọ́. Ó dúró díẹ̀. Ká ní ọmọ àbúrò rẹ̀ ni, ì bá ti gba fóònù náà kó tó bèèrè ọ̀rọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ tilẹ̀ gbéra. Ó fi tún ìborùn orí rẹ̀ ṣe.

Sakinatou tó ń ta epo bẹntiróòlù nínú ìgò níwájú ṣọ́ọ̀bù rí gbogbo rẹ̀. Ará Bantè ni, ọ̀rẹ́ Priscille sì ni.

"Gbà á lọ́wọ́ rẹ̀."

"Ọkọ mi ni."

"Ọkọ tí o ń gbẹ́ lẹ́ẹ̀dì ìkọ̀wé fún? Irú ọkọ yẹn, kí n wá ọ̀kan sí i fún ọ?"

"Sakinatou, ìwọ gan-an ni yóò kọ́kọ́ sọ ọ́ ní Bantè."

Sakinatou rò ó wò. "Òótọ́ ni," ló wí. "Mi ò lè pa irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ra."

Priscille pe Lazare. Afẹ́fẹ́ Lougba ń gé ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ohun tó gbọ́ ni pé ẹ̀gbọ́n ló ń ṣọ́ ọmọ, kó má da ara rẹ̀ láàmú. Ó wá pe Ìyá Fataou fúnra rẹ̀. Wọ́n kí ara wọn, wọ́n bèèrè ilé, wọ́n bèèrè iṣẹ́.

"Ìyá wa, nítorí fóònù Eyínfúnjowó ni. Ṣé agogo yẹn ń dún lọ́dọ̀ yín?"

"Ó ń dún o. Ọmọ yẹn mọ ìkíni. Láàárọ̀ yóò kí mi, lọ́sàn-án yóò kí mi, bílẹ̀ bá ṣú yóò tún kí mi. Fataou tí mo bí nínú ara mi ò ṣe tó bẹ́ẹ̀."

Priscille di fóònù mú. "Kí lẹ sì ń ṣe tó bá dún?"

"Mò ń dá a lóhùn ni. Ṣé wọ́n á máa kí àgbà kó má jẹ́? Mo tẹ búlúù. Àfi tí mo bá ń kírun lọ́wọ́ ni mi kì í tètè tẹ̀ ẹ́, bí mo bá sì ti sálámà tán, n ó sáré tẹ̀ ẹ́ kí ọmọ má baà rò pé mò ń bínú."

Priscille wo òde. Ó rí àwọn ìgò Sakinatou, ó rí oòrùn lára wọn. Kò mọ ọ̀rọ̀ tí ìyàwó lè fi sọ fún àkọ́bí ilé pé ẹnubodè tí wọ́n fi í ṣọ́, ó ti ṣí i sílẹ̀ gbayawu.

"Ẹ ṣeun, Ìyá wa. Ẹ kú àdúrà."

Hermann ló sọ ọ́ fún. 

"Mo ro gbogbo ọ̀nà tó lè gbà bàjẹ́," ló wí. "Mi ò ro ìyẹn. Ọjọ́ Sátidé ni n ó wá. Ìyàwó wa, ẹ má mú ojú kúrò lára rẹ̀."

*

Ọjọ́rú ni, ọ̀sán tí kì í sí kíláàsì. Abigaïl jáde láti ẹ̀yìn ilé pẹ̀lú sùtánà funfun lọ́rùn, ó ti lọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀, ó ti so okùn rẹ̀ mọ́ ìbàdí.

"Tanti, mò ń lọ sí ìdánrawò orin."

"Ó dára. Ẹ bá mi kí àwọn alàgbà."

Priscille tẹ orí ba, ó ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Ó rí etí aṣọ funfun náà bó ti ń kọjá létí ilẹ̀kùn. Lábẹ́ rẹ̀, ó rí sálúbàtà.

Ó gbé orí sókè. Nínú ìjọ wọn, ẹni tó bá ti wọ sùtánà kì í wọ bàtà. Abigaïl ti ń wọ ọ́ láti kékeré. Ó ti fi ẹsẹ̀ lásán rin yanrìn gbígbóná, ó ti fi rin òkúta, kò gbàgbé rí, kò sì sí ọmọ ìjọ náà tó ń gbàgbé. Kò bọ́ sálúbàtà nítorí kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì ló ń lọ. Ibi tó ń lọ jìn.

Ní títì, Moumouni tó ń fi ọ̀kadà rẹ̀ ṣe sẹ́mìjàn, tó ń gbé èrò káàkiri, dúró níbi ìgò Sakinatou, ó ń ra epo. Sakinatou ń dà á sí i nípasẹ̀ àrọ.

"Epo tó pọ̀ tó báyìí, ibo lò ń lọ?"

"Ìyànà ọ̀nà Dassa. Wọ́n pè mí lórí fóònù pé kí n gbé ọmọ kan tó wọ aṣọ funfun dé ibẹ̀, pé ẹnìkan yóò gbà á lọ́wọ́ mi." Ó sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n ní kó bá wọn gbé iṣu. "Ọmọ náà nìyí gan-an. Màdámù kékeré, gùn ún ká lọ."

Priscille ti wà lójú ọ̀nà, tòun ti okùn ìwọnṣọ lọ́rùn.

"Eyínfúnjowó."

Ọmọ náà gbọ́. Èjìká rẹ̀ mì díẹ̀. Kò wẹ̀yìn. Ó gbé ẹsẹ̀ kọjá ìjókòó, ó sì kó aṣọ rẹ̀ jọ sábẹ́ itan.

"Eyínfúnjowó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ẹ̀bẹ̀, nítorí kò ní ohùn mìíràn fún ọmọ yìí. Gbogbo ohùn tó ní fún un, ohùn ẹni tó kúnlẹ̀ ni. Moumouni ta iná sí ọ̀kadà. Èéfín tú.

"Abigaïl."

Kò pariwo. Síbẹ̀ epo tí Sakinatou ń dà ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ àrọ bọ́ sílẹ̀. Ọmọ náà yíjú padà, ẹnu rẹ̀ ṣí. Láti ọjọ́ tí obìnrin yìí ti wọ ilé wọn, kò gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu rẹ̀ rí.

"Sọ̀ kalẹ̀, Abigaïl. Báyìí."

Moumouni ló pa ẹ́ńjìnnì. Abigaïl sọ̀ kalẹ̀. Ojú rẹ̀ kún fún omi àti ìbínú.

"Ẹ pe orúkọ mi."

"Mo pè é."

"Láàárín títì."

"Láàárín títì."

Fóònù Moumouni dún. Ó wò ó. "Àwọn tó pè mí nìyẹn," ló wí. Priscille na ọwọ́, ó gbà á, ó fi sétí, ó ní hàló. Ẹnìkan ń mí lódì kejì. Ó tún ní hàló. Wọ́n gé e. Nígbà tí Moumouni pè wọ́n padà, fóònù náà ti kú. Wọ́n mú nọ́ńbà náà lọ bá àwọn ọlọ́pàá, àwọn ọlọ́pàá kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì ní àwọn yóò wá a.

*

Kí Sátidé tó pé, Bantè ti gbọ́. Wọ́n ti gbọ́ nípa ọ̀kadà, wọ́n ti gbọ́ nípa orúkọ, ti orúkọ sì ti ṣáájú ti ọ̀kadà débẹ̀. Sakinatou sọ fún Priscille pé òun kò sọ ọ́ tán, pé ìdajì ni òun sọ.

Nínú agbo ilé, Hermann jókòó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bó ti jókòó tì í níjọ́sí. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìyá Fataou jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

"Kì í ṣe kíkí?"

"Kì í ṣe kíkí, ẹ̀gbọ́n mi. Ìyọ̀ǹda ló ń tọrọ. Ó tọrọ eré yẹn, ẹ fún un. Ó tọrọ pé kó máa bá ẹni tí kò mọ̀ sọ̀rọ̀, ẹ fún un. Ó tọrọ òru, ẹ fún un."

Obìnrin náà dojú fóònù rẹ̀ délẹ̀ lórí ẹní. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

"Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn," ló wí.

 Lazare wo ilẹ̀. Abigaïl jókòó lẹ́bàá ògiri, ó ká eékún mọ́ra.

"Ẹ jẹ́ kí n gbé e sórí ti ìyàwó wa," ni Hermann wí.

"Yóò bọ́ sórí tirẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ṣáájú. Ìyàwó pe orúkọ ọkọ rẹ̀ níta," ni Ìyá Fataou wí.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Lazare wí, "orúkọ yẹn ló gba ọmọ là."

"Mo mọ̀, mo sì ti dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a ò bá yanjú rẹ̀ níhìn-ín, wọn yóò máa sọ ọ́ tẹ̀lé e títí yóò fi darúgbó. Kó bẹ̀ ẹ́, kó tán."

Ó tọ́. Priscille gan-an mọ̀ pé ó tọ́, ó sì ti múra sílẹ̀ fún un. Nínú ilé yẹn, ìyàwó tó bá ṣẹ̀ báyìí yóò kúnlẹ̀ fún ọkọ kékeré tó ṣẹ̀, ọkọ kékeré náà yóò sì sọ ohun tí wọn yóò fi tù ú nínú. Bísíkíìtì ni wọ́n máa ń sọ, tàbí adìyẹ, tàbí bùbá tuntun. Àwọn èèyàn yóò rẹ́rìn-ín, ó parí.

Ó kúnlẹ̀ níwájú Abigaïl lórí ilẹ̀ gbígbẹ.

"Ọkọ mi, mo pe orúkọ yín. Ẹ má bínú sí mi."

"Eyínfúnjowó," ni Ìyá Fataou wí, ó ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ ràn án lọ́wọ́, "ìyàwó rẹ ń bẹ̀ ọ́. Kí lo fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀?"

Ọmọ náà ò gbé ojú sókè. Ó ti ronú lé e lórí ṣáájú, wọ́n gbọ́ ọ nínú bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jáde ní ọ̀kan ṣoṣo.

"Kí Tanti má gba kọ́kọ́rọ́ fóònù mi."

Adìyẹ kan ń họ ilẹ̀ nídìí ìkòkò omi. Hermann wo ọmọ náà bí ẹni ń wo ìṣirò tó ní ìdáhùn méjì, tí méjèèjì tọ̀nà, tí wọn ò sì lè jọ dúró. Lazare dìde.

"Ọmọ yìí—"

"Jókòó," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "A bi í, ó dáhùn. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni." Ó yíjú sí Priscille, ojú rẹ̀ ti rẹ̀. "Ìyàwó, o gbọ́. Tí o bá fún un, ó ti dárí jì ọ́, kò sí ẹni tí yóò dárúkọ ọ̀rọ̀ náà mọ́. Tí o ò bá fún un, kò sí ẹnìkankan nínú wa tó lè dárí jì ọ́ dípò rẹ̀."

Priscille wà lórí eékún rẹ̀. Ó ti fi gbogbo ìgbà tó lò nínú ilé yìí ṣọ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀, kí wọ́n má baà sọ pé ọmọ Mahi ò mọ ilé gbé. Ó ro obìnrin Bobè ní ibùdókọ̀. Ó ro ẹni tó ń mí nínú fóònù.

"Mi ò lè fún yín, ọkọ mi. Ẹ bèèrè ohun mìíràn."

"Mi ò fẹ́ ohun mìíràn."

"Ẹ má dárí jì mí nígbà náà."

Ó dìde, ó gbọn erùpẹ̀ kúrò lára ìró, ó yọ fóònù rẹ̀, ó sì gbé e fún Hermann.

"Akọ̀wé, kọ mí síbẹ̀."

*

Ó padà sí Savalou pẹ̀lú ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lórí. Àwọn ìyàwó ará Bantè tó máa ń wá wọn aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ń kí i, ṣùgbọ́n ìkíni náà kúrú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Sakinatou nìkan ló sọ ọ́ sí i lójú.

"Wọ́n ní o ò rí ìdáríjì gbà."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ṣé ó ń dùn ọ́?"

"Ó ń dùn mí. Gbé ìgò yẹn kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi, àwọn oníbàárà ò ríbi kọjá."

Abigaïl ń jẹun, ó ń lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó ń dáhùn tí wọ́n bá bi í. Nígbà tí iṣẹ́ ilé bá dé, Priscille a ṣí ọ̀nà fún un; tí iṣẹ́ bá tán, a tì í. Ó kọ́ láti mọ ohun tí agogo kọ̀ọ̀kan ń tọrọ. Tí kò bá yé e, a kọ̀ ọ́, a sì sọ fún ọmọ náà ní ojúkojú pé òun ló kọ̀ ọ́. 

Ọ̀sán kan, Abigaïl gbé àpótí wá sídìí tábìlì ìgéṣọ, ó jókòó. Priscille ń gé aṣọ ilé ìwé fún ẹnìkan. 

"Tanti, bí mi ò bá dárí jì yín láéláé ńkọ́?"

"Oúnjẹ yóò máa wà. Aṣọ yín yóò máa mọ́."

"Ẹ ò sì ní ṣí i?"

"Mi ò ní ṣí i."

Ọmọ náà mú àjákù aṣọ kan, ó ń tú òwú etí rẹ̀.

"Ó ní òun ní fọ́tò ìyá mi."

Síṣọ́ọ̀sì Priscille dúró nínú aṣọ.

"Ta ni?"

"Ẹ̀gbọ́n yẹn. Mo sọ fún un pé mi ò rántí ojú ìyá mi. Ó ní ìyá òun bá wọn ṣọ̀rẹ́ nígbà kan rí, pé àwọn jọ ya fọ́tò. Ó ní òun ò lè fi ránṣẹ́, àfi tí mo bá wá gbà á."

"Ẹ gbà á gbọ́?"

"Rárá." Ó tú òwú kan yọ pátápátá. "Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Mo mọ̀ kí n tó gun ọ̀kadà. Ṣùgbọ́n bí kì í bá ṣe irọ́ ńkọ́?"

 Priscille náà ò rí Élisabeth rí. Nínú ilé Bantè, kò sí ẹni tó ń dárúkọ òkú náà níwájú rẹ̀. Bí ó bá wọlé bá wọn, wọn a yí ọ̀rọ̀ padà, nítorí wọn ò fẹ́ kí ìyàwó tuntun rò pé wọ́n ń fi òun wé ẹni tó lọ. Ó ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn nínú ọkàn rẹ̀ fún ìyẹn. Kò rò ó rí pé ọmọ kan wà lẹ́yìn rẹ̀ nígbàkigbà tó bá wọlé, àti pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pa mọ́ fún òun, ọmọ náà ni wọ́n ń pa á mọ́ fún.

Ó fi síṣọ́ọ̀sì sílẹ̀. Ó pe Lazare. Ó dún títí ó fi gé. Ó tún un pè.

"Ṣé kò sí o?" ni Lazare wí. Ó ń mí bí ẹni tó sáré ti inú ebè jáde wá. "Ọmọ ńkọ́?"

"Ó wà níbí, ara rẹ̀ le. Ẹ máa bọ̀ ní Savalou lónìí."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ó fẹ́ gbọ́ nípa ìyá rẹ̀."

 Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ nínú igi kajú lọ́dọ̀ rẹ̀.

"Níwájú rẹ?"

"Níwájú mi. Ibì kankan ò sí tí mò ń lọ."

"Priscille, ó ti pẹ́. Mi ò tilẹ̀ mọ ibi tí n ó ti bẹ̀rẹ̀."

Priscille wo ọmọ náà. Abigaïl ti dáwọ́ òwú tó ń tú dúró, ó ń gbọ́.

"Ẹ fi ojú ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀," ló wí.